Ọmọge Inú Fóònù: Àgbéyẹ̀wò Fídíò Orin Ayra Starr àti Ohun Tí Àwọn Ọmọdébìnrin Ń Rí Níbẹ̀

Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èdè wa ti ń wádìí ìjálá, ẹ̀sà egúngún, rárà àti ẹkún ìyàwó. Iṣẹ́ náà dára púpọ̀, nítorí pé bí kò bá sí i, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ohùn wọ̀nyí ìbá ti bá àwọn arúgbó wọ ilẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ewì kan wà tí àwọn ọmọ wa ń gbọ́, tí wọ́n sì ń wò lójoojúmọ́, tí ó jẹ́ pé ìbáwí nìkan ni àwọn àgbà ní fún un. Ewì náà ni fídíò orin. Ìbáwí yàtọ̀ sí àgbéyẹ̀wò. Ẹni tí ó fẹ́ báni wí ti mọ ohun tí yóò sọ kí ó tó wo nǹkan rárá. Ẹni tí ó fẹ́ ṣe àgbéyẹ̀wò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó tán.

Bí ènìyàn bá gba ọ̀nà tí ó ti Adó-Èkìtì lọ sí Ìyìn, tí ó sì tẹ̀ síwájú dé Ìgèdè, ní àkókò tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ń ti kíláàsì bọ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí àwọn ọmọdébìnrin mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n forí korí lórí fóònù kan ṣoṣo. Ọ̀kan a gbé ẹsẹ̀, èkejì a sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé e, ẹ̀kẹta a dá fídíò náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀ kí wọ́n lè tún un wò. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò ṣeré lásán. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń kọ́, wọ́n sì ń kọ́ ọ pẹ̀lú sùúrù tí olùkọ́ ìṣirò wọn kò rí rí lójú wọn. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ara wa ni pé kí ni ó wà nínú fídíò náà tí ó mú wọn ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀.

Nínú àwọn akọrin tí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn, Ayra Starr ni a ó mú gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Oyinkansola Sarah Aderibigbe ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ní Kùtọnu ní orílẹ̀-èdè Benin ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2002, ó sì dàgbà láàárín Kùtọnu àti Èkó. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 16 ó ti ń ṣe iṣẹ́ àwọn tí ń wọ aṣọ fún àwọn aránṣọ kí ayé lè rí i, èyí tí ó ṣàlàyé díẹ̀ nínú bí kámẹ́rà kò ṣe bà á lẹ́rù. Orin àwọn ẹlòmíràn ni ó kọ́kọ́ ń kọ sínú fóònù tí ó sì ń gbé síta lórí Instagram. Ní ìparí ọdún 2019 ó gbé orin ti ara rẹ̀ kan síta, Don Jazzy tí ó dá ilé-iṣẹ́ orin Mavin sílẹ̀ gbọ́ ọ, ó sì pè é. Ní oṣù kìíní ọdún 2021 ni Mavin fi í han gbogbo ayé pẹ̀lú orin bíi “Away”. “Bloody Samaritan” tẹ̀ lé e ní ọdún kan náà, “Rush” jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022. Fídíò “Rush” yìí ni a ti wò ju ìgbà mílíọ̀nù 100 lọ lórí YouTube, orin náà sì wà lára àwọn márùn-ún tí a dárúkọ nígbà tí àwọn tí ń fúnni ní ẹ̀bùn Grammy dá ẹ̀ka orin Áfíríkà sílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọdún 2024. Tyla ará South Africa ni ó gba ẹ̀bùn náà pẹ̀lú “Water”.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Ayra Starr ni ọmọdébìnrin Yorùbá àkọ́kọ́ tí yóò gbajúmọ̀ nídìí orin. Ní ọdún 1976, Salawa Abeni, ọmọ Ẹ̀pẹ́, gbé àwo wákà jáde lórí ikú Ọ̀gágun Murtala Mohammed, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì ju ọmọ ọdún 15 lọ. Wọ́n sọ pé àwo náà tà ju mílíọ̀nù kan lọ, èyí tí àwo wákà obìnrin kankan kò ṣe rí ṣáájú rẹ̀. Ní ọdún 1976 yìí kan náà ni Táíwò àti Kẹ́hìndé Lijadu, àwọn ìbejì tí a mọ̀ sí Lijadu Sisters, gbé àwo kan jáde tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní “Danger”. Ọdún 45 lẹ́yìn èyí ni Ayra Starr pe àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́ ní “19 & Dangerous”. Ewu sì wà nínú orúkọ méjèèjì. Kì í ṣe pé ọmọ náà jí ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn ìyá rẹ̀. Bóyá kò tilẹ̀ ronú kàn wọ́n nígbà tí ó ń yan orúkọ náà. Ṣùgbọ́n ó hàn gbangba pé obìnrin tí ó bá fẹ́ gbé ohùn rẹ̀ sókè láàárín wa mọ̀ pé àwọn kan yóò kà á sí ewu, ó sì sàn fún un kí ó tètè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Ìyàtọ̀ kan wà o. Ohùn Salawa Abeni ni àwọn ọmọbìnrin ìgbà náà gbọ́. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn láti oṣù kẹwàá ọdún 1959, ilé mélòó ni ó ní in ní Ìyìn-Èkìtì tàbí ní Àrámọkọ? Lórí rédíò, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ gramofóònù bàbá wọn, ni ọmọbìnrin ti ń gbọ́ orin, àwòrán ẹ̀yìn páálí àwo nìkan ni ó sì rí. Ara akọrin jẹ́ ohun tí olúkúlùkù ń yà fúnra rẹ̀ lọ́kàn. Ọmọbìnrin tí ó bá fẹ́ dà bí Salawa Abeni ní láti ní ohùn. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí ó lè gbà.

Nígbà tí a wá rí obìnrin nínú fídíò orin, a kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo “African Queen” tí 2Face Idibia kọ ní ọdún 2004. Nígbà tí MTV Base bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fún ilẹ̀ Áfíríkà ní ọdún 2005, fídíò orin yìí ni wọ́n fi ṣí i. Annie Macaulay ni ọmọge tí a ń wò níbẹ̀. Ó lẹ́wà, orin náà dùn, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé a kò pọ́n obìnrin lé nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ni ó ń sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, iṣẹ́ ọmọge náà kò sì ju kí ó gba oríkì lọ. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí, ní ọdún 2014, Yemi Alade, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ Ìgbò, ṣe fídíò “Johnny”, tí Clarence Peters darí rẹ̀. Níbẹ̀ obìnrin gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọkùnrin. Ó sọ̀rọ̀, ó bínú, ó pa wá lẹ́rìn-ín, ó sì jó. Àmọ́ Johnny ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí: níbo ni ó wà, ta ni ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ló dé tí kò wálé. Obìnrin ni ó ni ẹnu, ọkùnrin ni ó ni ìtàn.

Wàyí o, kí òǹwòran bọ́ sí “Rush”. Kò sí Johnny níbẹ̀. Orin náà kò bá ọkùnrin kankan jà, kò sì bẹ ọkùnrin kankan. Ohun tí ó ń sọ ni pé ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ náà kò ní àyè fún ìlara àti ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, pé iṣẹ́ àti oore-ọ̀fẹ́ ni ó gbájú mọ́, àti pé ìgbà kò dúró de ẹnikẹ́ni. “Away” ti sọ ohun tí ó fara jọ ọ́ ṣáájú, “Bloody Samaritan” sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú: kí ẹni tí ó bá fẹ́ ba inú dídùn mi jẹ́ yàgò. Bí a bá gbé àwọn orin mẹ́ta yìí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń sọ, ọ̀rọ̀ náà sì ni èyí tí ọmọ ọdún 15 fẹ́ láti sọ jù láyé rẹ̀ tí kò sì rí ẹnu sọ. Ọmọ ọdún 15 wà láàárín ojú púpọ̀. Ìyá ń wò ó, ìyá àgbà ń wò ó, olùkọ́ ń wò ó, àwọn ọmọkùnrin ẹnu ọ̀nà ń wò ó, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó tilẹ̀ ń wò ó jù. Ẹnìkan wá dé tí gbogbo ayé ń wò, tí kò tijú, tí ó sì ń wo àwọn tí ń wò ó padà.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí Ayra Starr ṣe ń lo ojú nínú fídíò rẹ̀ yẹ ní kíkíyèsí. Fóònù ni àwọn ọmọ wọ̀nyí fi ń wo fídíò, fóònù kò sì ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Tẹlifíṣọ̀n inú pálọ̀ ni ti ìgbà kan. Bàbá ni ó ni ìjókòó iwájú, bí ohun tí kò dára bá yọjú, a ní kí ọmọ lọ bu omi wá. Fóònù kò ní ìjókòó iwájú. Abẹ́ aṣọ ìbora ni ọmọ ti ń wò ó ní alẹ́, tí etí rẹ̀ nìkan ń gbọ́ orin náà. Nítorí náà akọrin tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò jó jìnnà réré mọ́ bí ẹni tí ó wà lórí pèpéle. Ó súnmọ́ tòsí, ó fi ojú ko ojú, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹnìkan ṣoṣo ni òun ń bá sọ. Nígbà tí ijó bá sì dé, àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń yí i ká. Ọmọ tí ó ń wò ó rí ipò méjì tí òun lè dì mú nínú àwòrán náà: òun lè jẹ́ ìràwọ̀, bí ìyẹn kò bá sì ṣeé ṣe, òun lè jẹ́ ọ̀rẹ́ ìràwọ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́ ijó náà ní ẹni mẹ́ta mẹ́rin. Bí a bá tún fi kún un pé TikTok ń gé orin sí wẹ́wẹ́, tí ọmọ lè kọ́ ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ó ya fídíò tirẹ̀, kí ó sì gbé e síta, a ó rí i pé fídíò akọrin kì í ṣe òpin nǹkan mọ́. Ó ti di lílé orin, àwọn ọmọ sì ni ó ń gbè é.

Ohun mìíràn tí àwọn tí ń bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn orin wọ̀nyí kò kíyèsí ni bí ọmọ yìí ṣe ń ka ọdún rẹ̀ ní gbangba. Àwo àkọ́kọ́, tí ó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, ní 19 nínú orúkọ. Èkejì, tí ó jáde ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2024, ń jẹ́ “The Year I Turned 21”. Láàárín wa, ọjọ́ orí ṣe pàtàkì fún ọkùnrin àti obìnrin nítorí ipò àgbà, ṣùgbọ́n ti ọmọbìnrin ní ìṣirò mìíràn nínú. Ìgbéyàwó ni a ń kà á lọ bá. Bí ó bá pé ogún, a ó béèrè pé ta ni ó ń bọ̀ wá. Bí ó bá pé ọgbọ̀n, a kò ní béèrè mọ́, àdúrà ni a ó máa gbà. Ọ̀dọ́bìnrin kan wá ń ka ọdún tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ti ń ka ebè tí ó ti kọ, ìyẹn ni pé ó ń ka iṣẹ́. Ọmọ ọdún 14 tí ó rí 19 lórí àwo mọ̀ pé ọdún márùn-ún ni ó kù fún òun. Kò sí ìwé kíkà kan ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ó fi irú àkàbà bẹ́ẹ̀ hàn án.

Ẹ̀sùn tí ó wọ́pọ̀ jù ni ti aṣọ. Síkẹ́ẹ̀tì péńpé ti di àmì tí a fi ń dá Ayra Starr mọ̀, bí fìlà gọ̀bì ṣe jẹ́ àmì àwọn àgbà kan. Àwọn olùfẹ́ rẹ̀ ń dúró láti rí i, àwọn alátakò rẹ̀ náà kò sì fẹ́ kí ó wọ nǹkan mìíràn, kí ọ̀rọ̀ má baà tán lẹ́nu wọn. A kò ní sọ pé aṣọ kò já mọ́ nǹkan, nítorí pé ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní àṣà Yorùbá kò gbà kí ọmọbìnrin fi ara rẹ̀ hàn, kí ó lọ béèrè nípa obìtun ní Oǹdó. Níbẹ̀, ọmọbìnrin tí ó ti bàlágà ni a ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ tí ó pọ̀, tí a ń di irun rẹ̀ ní ọ̀nà tí ojú kò lè fò dá, tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń jó káàkiri ìlú kí gbogbo ènìyàn lè rí wọn. Ìṣípayá ara kọ́ ni ó ya obìtun sọ́tọ̀ kúrò lára fídíò orin. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé ìlú tí ó ń wo obìtun mọ orúkọ rẹ̀, ó mọ ilé bàbá rẹ̀, ẹni tí ó bá sì wò ó ní ìwòkuwò mọ̀ pé òun yóò pàdé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ọjà. Àwọn tí ń wo fídíò kò ní ìlú, kò sí ẹni tí yóò bi wọ́n léèrè. Ibí yìí ni àníyàn àwọn òbí ti ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Kì í ṣe nítorí Ayra Starr, tí ó ti dàgbà, tí ó sì ní agbẹjọ́rò àti ilé-iṣẹ́ lẹ́yìn, bí kò ṣe nítorí ọmọ ọdún 13 tí ó wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀, tí ó ya fídíò ara rẹ̀ nínú yàrá, tí ó sì gbé e síwájú àwọn àjèjì tí kò mọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá ọmọ sọ̀rọ̀, ìyẹn ni kí ó bá a sọ. Kí ó fi gígùn síkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀.

Àwọn olùkọ́ kan a máa sọ pé fídíò tí ó ń kọ́ni lọ́gbọ́n kò wọ́n, kí àwọn ọmọ máa wo irú wọn. Òótọ́ ni pé kò wọ́n. Falz, ọmọ agbẹjọ́rò Femi Falana ará Ìlawẹ̀-Èkìtì, ṣe “Child of the World” ní ọdún 2018, Toyin Abraham sì ṣeré nínú rẹ̀. Ìtàn ọmọbìnrin kan ni, tí ẹni tí ó yẹ kí ó dáàbò bò ó ṣe ní ìbàjẹ́, tí ó ṣáko lọ, tí ojú rẹ̀ rí màbo, tí ó sì padà bọ̀ sípò. Iṣẹ́ tí a fi ọkàn ṣe ni, ó sì fi ìgboyà sọ ohun tí àwọn ẹbí ń fi aṣọ bò. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó dáadáa, àwọn òbí àti olùkọ́ ni ó dùn mọ́ jù. Ọkùnrin ni ó ń sọ ìtàn náà, nípa ọmọbìnrin, fún ìkìlọ̀. Ọmọbìnrin a wò ó lẹ́ẹ̀kan, omi a bọ́ lójú rẹ̀, a sì padà sí ìdí “Rush”. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ìpọ́njú lórin kí ó jó o. Bí a bá fi ìkìlọ̀ nìkan bọ́ ọmọ láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá, yóò wá ayọ̀ lọ sí ibòmíràn, ẹni tí ó bá sì fún un ní ayọ̀ ni yóò gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Fídíò kan wà tí ó gbìyànjú láti ṣe méjèèjì pọ̀. Ní ọdún 2019 Beyoncé, Wizkid àti SAINt JHN kọ “Brown Skin Girl”, Blue Ivy ọmọ Beyoncé sì kọ nínú rẹ̀. Ní ọdún 2020, nínú eré “Black Is King”, Jenn Nkiru, obìnrin tí ìran rẹ̀ ti Nàìjíríà wá tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù, darí fídíò rẹ̀, ó sì gba Grammy fún fídíò orin tí ó dára jù ní ọdún 2021, nígbà tí Blue Ivy jẹ́ ọmọ ọdún 9. Àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ní oríṣiríṣi ni ó kún inú rẹ̀, Lupita Nyong’o, Naomi Campbell àti Adut Akech pẹ̀lú, nínú aṣọ àríyá, bí àwọn ọmọ ọba. Oríkì ni fídíò náà jẹ́ gan-an, èyí tí Yorùbá ń pè ní adúmáadán ni ó sì ń kì. Ọ̀rọ̀ ńlá ni èyí jẹ́ ní ilẹ̀ tí ìpara tí ń bó ara ti wà lórí àtẹ ní gbangba, ní ọjà Adó gẹ́gẹ́ bí ní ọjà Èkó, tí àwọn ọmọ girama sì mọ orúkọ wọn lórí. Síbẹ̀, nítorí pé ó ń sọ ọ́, ó di ohun àsọyé. A gbọ́dọ̀ ti rò pé àwọ̀ dúdú kò dára kí ó tó di pé a ní láti bẹ ayé kí ó gbà pé ó dára. Ayra Starr kò kọrin nípa àwọ̀ rẹ̀ nínú àwọn orin tí a ti dárúkọ. Ó kàn wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, iná kámẹ́rà kò sì gbìyànjú láti sọ ọ́ di pupa. Ó ṣeé ṣe kí ìdákẹ́jẹ́ yìí ti ṣe iṣẹ́ tí ó ju ti oríkì lọ fún àwọn ọmọ tí àwọ̀ wọn jọ tirẹ̀.

Àwọn olùfẹ́ rẹ̀ ń pè é ní “sabi girl”, ó sì ti ń pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2023 ó yọ orúkọ orin kan, “Sability”, láti inú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn Potogí ni ó mú “sabi” wá sí etíkun wa, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni kí ènìyàn mọ nǹkan. Ọmọbìnrin tí ó mọ nǹkan! Ní Èkìtì, níbi tí òbí ti lè ta ilẹ̀ kí ọmọ lè kàwé, ó yẹ kí inú wa dùn pé ìmọ̀ ti di oge. Ẹni tí ó ń jẹ́ orúkọ náà kò sì ṣàì lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ó kàwé dé yunifásítì ní Kùtọnu. Ṣùgbọ́n kí ni “sabi girl” mọ̀ nínú fídíò? Ó mọ ìwọ̀ṣọ, ó mọ ìdúró, ó mọ bí a ti ń wọlé kí gbogbo ènìyàn dákẹ́. A kò rí bí ó ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó ran aṣọ náà kò yọjú, ọjọ́ tí wọ́n fi ijó náà kọ́ra kò yọjú, ẹni tí ó dá owó fídíò náà kò sì yọjú, bẹ́ẹ̀ ni ó sì mọ iye tí ó fẹ́ gbà padà. Owó pọ̀ nínú orin náà, iṣẹ́ kò pọ̀ nínú àwòrán. Ọmọ tí ó ń wò ó ní Ìyìn a wá rò pé bí aṣọ bá ti dé, ìmọ̀ ti dé nìyẹn. Àbùkù fídíò náà nìyí, ó sì jinlẹ̀ ju ti síkẹ́ẹ̀tì lọ.

Àbùkù kejì bá a tan. Púpọ̀ nínú àwọn fídíò wọ̀nyí ni kò ní ìlú. A lè wò ó tán kí a má mọ̀ bóyá Èkó ni, bóyá Kùtọnu ni, bóyá òkè òkun ni. Àwọn tí ń ta orin fún gbogbo ayé fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ohun tí kò ní ilé lè wọ ilé gbogbo ènìyàn. Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ; Oyinkansola sì jẹ́ orúkọ tí ó kún fún ilé, oyin tí ó kán sínú ọlá, a gbọ́dọ̀ ti rí ọlá náà kí oyin tó kán sí i. Ayra Starr kò ní ilé nínú, ó tàn bí ìràwọ̀ ni. Bí a bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ alámọ̀, a ó rí ohun tí ó sọnù. Ní Èkìtì, àwọn obìnrin ni ó pọ̀ jù nídìí alámọ̀. Obìnrin alámọ̀ lè bú ọkọ, ó lè yin ọba, ó lè sunkún òkú, ó lè fi ara rẹ̀ yangàn tó bí “sabi girl” kankan ti lè ṣe. Àmọ́ àárín àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n ni ó dúró sí, èdè ìlú rẹ̀ ni ó fi ń sọ ọ́, àwọn tí ó sì ń gbè é lẹ́sẹ̀ lè já a ní koro bí ó bá purọ́. Ìgboyà náà kò kéré sí ti inú fóònù. Ó ní ẹlẹ́rìí ni.

Ọ̀rọ̀ èdè náà kò ṣeé gbójú fò. Gẹ̀ẹ́sì àti Pijin ni ó gba iwájú nínú orin Ayra Starr. Yorùbá a máa yọ níbẹ̀ bí iyọ̀ nínú ọbẹ̀. Ó dára kí ó wà ju kí ó má sí lọ. Ọmọ tí wọ́n ti ń bá wí pé kí ó má ṣe sọ “fànákúlà” nínú kíláàsì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí gbogbo ayé ń wò, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe èdè ìtìjú. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tí yóò ti ibẹ̀ kọ́ bí a ti ń sọ gbólóhùn mẹ́wàá tí ó so pọ̀, ká má tilẹ̀ sọ ti ohùn Èkìtì. Iṣẹ́ náà ṣì wà lọ́rùn ilé àti ilé-ẹ̀kọ́. Bí olùkọ́ Yorùbá kan bá lè gbà kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ tú orin tí wọ́n fẹ́ràn sí Yorùbá tí ó gún régé, kí wọ́n sì jiyàn lórí ọ̀rọ̀ tí ó bá “vibe” mu, ẹ̀kọ́ tí wọn yóò kọ́ ní ọjọ́ náà kò ní kéré.

Ohun kan kù tí ó yẹ kí a sọ. Lórí àwo ti ọdún 2024, arákùnrin Ayra Starr tí ń jẹ́ Milar bá a kọ orin “1942”. Orin mìíràn sì wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ “The Kids Are Alright”, tí a ti gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ àti ti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, tí ó sì fi rántí bàbá rẹ̀ tí ó ti kú. Níbẹ̀ ni ilé tí a ń wá wà. Ìyá ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, ọmọ ń ròyìn fún òkú bí àwọn tí ó fi sílẹ̀ ti ń ṣe, èyí tí obìnrin alámọ̀ yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bí wọ́n bá túmọ̀ rẹ̀ fún un. Kì í ṣe orin yìí ni àwọn ọmọdébìnrin ń jó nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá fẹ́ gba ìsinmi. Ó falẹ̀ jù fún ijó, kò sì sí ìdúró tí a lè kọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ti ra dátà wo “Rush” ní ìgbà ogún a máa dé ìdí rẹ̀ níkẹyìn, ní àkókò tí ẹgbẹ́ ti tú ká, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń gbọ́ ọ ní òun nìkan.